Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn olùdarí iléeṣẹ́ ìwé ìwakọ̀ àti ìwé ọkọ̀: ẹ parí èyí tí ẹ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má sì ti ọ́fíìsì pa

Ẹ̀yin olùdarí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìwé ìwakọ̀ àti ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ní orílẹ̀-èdè yòówù tí ẹ bá wà,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú làálàá.

Gbogbo yín pa pọ̀ ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò mọ ààlà. Níbikíbi tí ìjọba bá ti ń fún ènìyàn ní ìwé àṣẹ láti wakọ̀, ìbéèrè kan náà ló wà níwájú yín báyìí: èwo ni kí aráàlú máa ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èwo ni kó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ṣe lọ́fíìsì? Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìṣirò owó ló sábà máa ń dáhùn ìbéèrè náà. Iye òṣìṣẹ́ tí ẹ lè dín kù, iye ilé tí ẹ kò ní sanwó rẹ̀ mọ́, ìyẹn lẹ fi ń pinnu. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ pinnu. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ lásán, ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má ṣẹ́ ku ohunkóhun tí a óò tún torí rẹ̀ wá bá yín. Èyí tó nílò ojú, ìka tàbí ara ènìyàn, tàbí ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá. Ẹni tí ti íntánẹ́ẹ̀tì kò bá sì ṣeé ṣe fún, ẹ jẹ́ kó rí ènìyàn bá sọ̀rọ̀, láìfi ìyà jẹ ẹ́.

Ẹ má rò pé ìlà gígùn ni mo ń ṣàárò rẹ̀. Mo ti wà lọ́fíìsì kan tí ìyá kan tó gbọ́mọ pọ̀n dé iwájú òṣìṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, tí wọ́n sì dá a padà nítorí pé òǹtẹ̀ ara ẹ̀dà ìwé rẹ̀ kò hàn dáadáa. Ìwé tí wọ́n ń bi í yẹn, ìjọba kan náà ló fún un. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ mìíràn lábẹ́ ìjọba yẹn. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí iléeṣẹ́ ìjọba kan ń ní kí aráàlú lọ gbé ohun tó wà nílé ìjọba kejì wá, kò yẹ kó gbé ẹnikẹ́ni kúrò nílé.

Àwọn kan nínú yín ti ṣe é, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ẹ wo Jámánì. I-Kfz ni wọ́n ń pe ètò wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 pẹ̀lú iṣẹ́ kan ṣoṣo: kí ẹni tó ní ọkọ̀ lè yọ orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọba láì dé ọ́fíìsì. Tẹ́lẹ̀, ẹni náà ní láti tú nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀, kó gbé e lọ, kí òṣìṣẹ́ fi nǹkan ha òǹtẹ̀ ìjọba kúrò lára rẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí nọ́ńbà náà má baà ṣeé lò mọ́. Báwo ni èyí ṣe máa ṣeé ṣe láti ilé? Wọ́n ronú sí i. Wọ́n fi kóòdù pamọ́ sábẹ́ òǹtẹ̀ tó wà lára nọ́ńbà, wọ́n sì fi òmíràn pamọ́ sára ìwé ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ ọkọ̀ rẹ̀ á ṣí òǹtẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kóòdù á hàn, á tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì. Òǹtẹ̀ tó bá ti ṣí kò ṣeé dí padà, ẹnikẹ́ni tó bá wo nọ́ńbà náà lójú pópó á mọ̀ pé kò láṣẹ mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òmíràn kún un lọ́dún 2017, àti lọ́dún 2019 tí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ tuntun àti ìyípadà olóhun ọkọ̀ náà fi bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹni tó bá forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́nà yìí lè wà á lọ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìwé tó tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀, tó sì máa dúró fún ọjọ́ 10 títí òǹtẹ̀ àti ìwé gidi yóò fi dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n jókòó wo ohun tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ń ṣe gan-an lórí tábìlì, wọ́n béèrè ìdí tó fi ń ṣe é, wọ́n sì wá ọ̀nà tí aráàlú lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é kí ìdí náà má sì yẹ̀. Ní Estonia pẹ̀lú, ẹni tó ta ọkọ̀ àti ẹni tó rà á lè parí ìyípadà olóhun lórí ìkànnì ìjọba, kálukú á buwọ́ lù ú láti ibi tó wà. Kò sí ẹni tó ń gbé fáìlì ká.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni iṣẹ́ ààbọ̀. Ẹ ó kéde pé ìwé ọkọ̀ ti di ti íntánẹ́ẹ̀tì. Aráàlú á jókòó, á kọ fọ́ọ̀mù lórí ìkànnì, á sanwó, á rí i pé wọ́n ní kó tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde, kó mú rísíìtì àti ẹ̀dà ìwé mẹ́rin dání, kó sì wá sí ọ́fíìsì. Tó bá débẹ̀, òṣìṣẹ́ á gba bébà náà, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà wọlé lákọ̀tun, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ rí. Tó bá ṣì í tẹ̀, ẹni tó ní ọkọ̀ ló máa jìyà rẹ̀ nígbà tí ọlọ́pàá bá dá a dúró. Èyí dà bí kí ènìyàn gbé ẹnìkejì dé àárín odò, kó wá ní kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ. Ó sàn kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ sọ́fíìsì títí ẹ óò fi lè parí rẹ̀, ju kí ẹ sọ ìrìn kan di méjì.

Mo mọ̀ pé ìrìn kan wà tó tọ́. Ní Nàìjíríà, awakọ̀ á fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà á lọ sí ibùdó kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin REAL ID tí wọ́n ṣe lọ́dún 2005, tó sọ irú káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ máa gbà, mú kí awakọ̀ tó fẹ́ irú káàdì bẹ́ẹ̀ gbé ojúlówó ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ wá sọ́fíìsì nígbà àkọ́kọ́. Nǹkan bí ọdún 20 kọjá kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ arìnrìn-àjò ní pápákọ̀ òfuurufú, lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ẹnikẹ́ni lè máa jiyàn lórí òfin náà, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ní kí ènìyàn wá yé mi: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wo ojú tó wà níwájú rẹ̀, kó wo ojú tó wà nínú ìwé. Nígbà tí ẹ bá ti wo ojú yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ má tún torí àdírẹ́sì tó yí padà pè é wá.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ẹ lè má kà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i jù pé àwọn tó ń ṣe fọ́ọ̀mù yín kì í bá àwọn tó ń jókòó sí ẹnu fèrèsé ọ́fíìsì sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà ṣáàsí ni, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ fún un. Lára ọkọ̀ òde òní, lẹ́tà àti òǹkà 17 ló máa ń jẹ́, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ I, O àti Q kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé ojú ń ṣi wọ́n mú fún 1 àti 0. Ìlànà àgbáyé ni. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síbi ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀, tó ń fi ìka nu eruku, tó ń wo nǹkan tí òòrùn ti ń pa rẹ́ kọ sórí bébà. Ó rí nǹkan roboto, ó kọ ọ́ ní lẹ́tà O. Ó padà sídìí fóònù, ó tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé, ó kọ orúkọ, ó kọ àdírẹ́sì, ó fi fọ́tò sí i, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kó tẹ̀. Ìkànnì dá a lóhùn pé àṣìṣe wà. Kò sọ ibi tó wà. Gbogbo ohun tó ti kọ sì ti pa rẹ́.

Ká ní ọ́fíìsì ló lọ ni, òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á wo bébà náà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, òdo nìyí o, kì í ṣe O. Kò sí O nínú nọ́ńbà ṣáàsí." Á fi bírò tún un ṣe, ó parí. Ìmọ̀ yẹn wà lọ́wọ́ yín. Ẹ lè kọ́ ìkànnì yín ní ohun tí òṣìṣẹ́ yín mọ̀: tí ẹnikẹ́ni bá tẹ O sí àyè nọ́ńbà ṣáàsí, kí ó sọ ọ́ di 0, kó sì sọ fún un pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Tí òǹkà bá jẹ́ 16, kó sọ pé ó ku ẹyọ kan. Kó tọ́ka sí ibi tó wà lára ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ tàbí lábẹ́ gíláàsì iwájú. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé irú nǹkan báyìí pọ̀ nínú iṣẹ́ yín, ẹni tó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbi fèrèsé ló mọ gbogbo wọn. Nígbà tí ẹ bá ti ọ́fíìsì pa, tí ẹ sì ní kí òṣìṣẹ́ yẹn máa lọ sílé, ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò náà ń bẹ. Ẹ̀rọ á ní fọ́tò kò dára, kò ní sọ ohun tó ṣe é. Lọ́dún 2020, BBC yẹ ẹ̀rọ tó ń wo fọ́tò fún ìwé ìrìnnà lórí ìkànnì ìjọba Bírítéènì wò, wọ́n sì rí i pé ó ń dá fọ́tò àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú padà ní ohun tó ju ìlọ́po méjì ti àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ìwé ìrìnnà nìyẹn, kì í ṣe ìwé ìwakọ̀, ṣùgbọ́n irú ẹ̀rọ kan náà lẹ ń rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń darí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín pé irú ojú wo ni wọ́n fi dán an wò. Ní ọ́fíìsì, tí fọ́tò bá ṣú, òṣìṣẹ́ á ní kí ènìyàn sún mọ́ ibi tí iná wà.

Ẹ tún sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì máa lé àwọn agbódegbà lọ, àwọn tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láti bá a tò. Ó lé àwọn kan lọ lóòótọ́. Àwọn míì kàn kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ìkànnì tí kì í ṣe ti ìjọba á jókòó sókè nínú èsì tí ènìyàn bá rí nígbà tó ń wá tiyín, àwọ̀ rẹ̀ á jọ tiyín, á gba àfikún owó lórí ohun tí ẹ̀yin ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ìjọba Bírítéènì ti pariwo lórí èyí léraléra. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún aráàlú nípa àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ fún awakọ̀ pé ó jẹ gbèsè owó ojú ọ̀nà, pé kó tẹ líǹkì kan kó fi san án. Irọ́ ni. Awakọ̀ tó rí ọ́fíìsì wọ̀ lè gbé fóònù rẹ̀ lọ bá òṣìṣẹ́, kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ fi èyí ránṣẹ́?" Tí kò bá sí ọ́fíìsì mọ́, ta ló máa bi?

Mo dé ibi tó ká mi lára jù lọ. Àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, ITU, ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2024 pé ènìyàn bílíọ̀nù 2.6 ni kì í lo íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ayé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gun alùpùpù, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tó ní ọkọ̀ lórúkọ ara wọn. Kì í sì í ṣe arúgbó nìkan. Ẹni tó ń pín fóònù kan lò pẹ̀lú ará ilé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́ dé ibi tí kò lè rí àpótí tó yẹ kó tẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí káàdì fóònù rẹ̀ sọnù wà níbẹ̀, tí kóòdù tí ẹ fi ń dá a mọ̀ sì ń lọ sórí nọ́ńbà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ṣáájú orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé kan, tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn nínú ìwé kejì, tí ìkànnì sì ń sọ fún un pé òun kọ́ ni òun.

Ọkọ obìnrin kan kú. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń bẹ nílẹ̀, orúkọ olóògbé ló sì wà nínú ìwé. Ó fẹ́ yí i sórúkọ ara rẹ̀ kó lè máa gbé àwọn ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìkànnì ní kí ẹni tó ni ọkọ̀ fọwọ́ sí i, pé àwọn ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Kò sí ibì kankan lójú ewé náà tí ènìyàn lè tẹ̀ láti sọ pé ẹni náà ti kú. Mo mọ bí ó ṣe parí, nítorí mo wà nítòsí nígbà tí ó rí ọ́fíìsì kan tó ṣì ń ṣí. Ọkùnrin tó jókòó sẹ́nu fèrèsé gba ìwé ẹ̀rí ikú, ó kà á, ó dìde. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ jókòó." Ó lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó padà wá, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tí obìnrin náà máa buwọ́ lù, ó sì sọ ohun tó kàn fún un ní èdè tó gbọ́. Wàhálà tí ìkànnì kò rójú ọ̀nà rẹ̀ parí ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ lè kọ́ ìkànnì yín láti gba ẹ̀rí ikú, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀dá pọ̀, kò sí fọ́ọ̀mù tó máa ní àpótí fún gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní ẹ kò ti ọ̀nà àtijọ́ pa, ẹ wo bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, iléeṣẹ́ DVLA tó ń rí sí ìwé ìwakọ̀ àti ìwé ọkọ̀ ní Bírítéènì, tó wà ní Swansea, ṣì ń gba fọ́ọ̀mù bébà. Àwọn tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì rí tiwọn gbà wéré. Àwọn tó fi bébà ránṣẹ́ ni ìwé wọn wà nínú àpò lẹ́tà tí kò sẹ́ni tó tíì ṣí. Àwọn olùṣàyẹ̀wò ìṣirò ìjọba wọn, NAO, ròyìn lọ́dún 2022 pé láàárín oṣù kẹrin ọdún 2020 sí oṣù kẹta ọdún 2022, ìwé bíi mílíọ̀nù 3 ló pẹ́ kọjá àkókò. Àwọn tó ní àìsàn tí òfin ní kí wọ́n sọ, tó sì jẹ́ pé dókítà gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ wọn, wà lára àwọn tó dúró pẹ́ jù. Awakọ̀ tí kò ní ìwé ìwakọ̀ lọ́wọ́ kò lè lọ síbi iṣẹ́, ẹlòmíràn sì pàdánù iṣẹ́ náà. Ọ̀nà tí ẹ fi sílẹ̀ láìtọ́jú, ẹ ti tì í pa náà nìyẹn.

Owó ńkọ́? Ní orílẹ̀-èdè kan, ẹni tó sọ ìwé ìwakọ̀ dọ̀tun lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń san owó tó kéré sí ti ẹni tó fi bébà ránṣẹ́ tàbí tó wá fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé bébà ń ná yín lówó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń san àfikún náà: ẹni tí kò ní fóònù tó dára ló sábà máa ń jẹ́, òun náà ló sì sún mọ́ àìní jù. Mo rọ̀ yín, iṣẹ́ kan náà, iye kan náà.

Bírítéènì tún kọ́ wa ní ohun kan nípa bí ó ti ń rí nígbà tí bébà bá kásẹ̀ nílẹ̀. Láti ọdún 1921 ni wọ́n ti ń lẹ ìwé roboto kan mọ́ gíláàsì ọkọ̀ láti fi hàn pé wọ́n ti san owó orí rẹ̀. Lọ́jọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2014, wọ́n fòpin sí i, kọ̀ǹpútà ló kù. Lọ́jọ́ náà gan-an, èrò ya lu ìkànnì wọn, ìkànnì náà kò sì lè gbà wọ́n. Òfin tún yí padà pẹ̀lú rẹ̀: owó orí tó ṣẹ́ kù kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á mọ́, ẹni náà gbọ́dọ̀ san tirẹ̀ kó tó wà á. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ra ọkọ̀ á wo gíláàsì, á rí ọjọ́ tó kọ síbẹ̀. Báyìí, ohun tó ń dáàbò bò ó ti lọ sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó, àfi tó bá mọ̀ pé ó yẹ kóun lọ wò ó. Bí ẹ bá mú ohun tí ojú ń rí kúrò, ẹ sọ ọ́ fún ènìyàn tẹnutẹnu, lójú pópó, lórí rédíò, lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Kíkọ ọ́ sórí ìkànnì kò tó, nítorí ẹni tó ń lọ sórí ìkànnì yín ti mọ̀ ná.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ dúró gbọn-in pé ẹ gbọ́dọ̀ fojú rí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ bí ojú awakọ̀ ṣe ń ríran. Òfin Bírítéènì ní kí awakọ̀ lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ láti mítà 20. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó ti pé ẹni 70 tó ń sọ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ dọ̀tun ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà pé ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Á tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ojú kì í ṣàdédé bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, díẹ̀díẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ pé tirẹ̀ ti ń lọ. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti pé 80 gbọ́dọ̀ yege àyẹ̀wò ojú kó tó gba òmíràn, bóyá lọ́fíìsì ìjọba tàbí lọ́dọ̀ dókítà. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹlòmíràn tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá títì ló máa san gbèsè ìrọ̀rùn tí ẹ fún awakọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bíréèkì, táyà àti iná ọkọ̀ náà, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Fọ́tò kò tó.

Ní ti ìwé ìwakọ̀ orí fóònù, ó dára. Norway bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2019, Iceland àti Denmark lọ́dún 2020, ìlànà àgbáyé kan sì jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2021, tó jẹ́ kó ṣeé ṣe fún ènìyàn láti fi hàn pé òun ti dàgbà tó láìfi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ han ẹni tó ń béèrè. Inú mi dùn sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá ń wakọ̀ kọjá ààlà ṣì ní láti mú káàdì dání, ìwé ìwakọ̀ àgbáyé tí àdéhùn Vienna ti ọdún 1968 lórí ìrìnnà ojú pópó sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìwé pẹlẹbẹ tí ènìyàn ń ṣí lójú ewé. Bátìrì fóònù náà ń kú. Ẹ fi í kún káàdì, ẹ má fi gba ipò káàdì.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ béèrè, ó sì wà níkàáwọ́ yín láti ṣe é kí ọdún yìí tó parí. Nígbà tí ìkànnì yín bá dákú lọ́jọ́ tí ìwé ẹnì kan máa kú, ẹ má bu owó ìtanràn lé e. Ẹ má sọ pé ẹ kò ní agbára rẹ̀. Lọ́dún 2020, nígbà tí Kòrónà ti àwọn ọ́fíìsì pa, ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan, òfin 2020/698, tó fi oṣù 7 kún ọjọ́ ayé ìwé ìwakọ̀ tó yẹ kó kú láàárín ọjọ́ 1 oṣù kejì sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà sún ọjọ́ síwájú fún àwọn awakọ̀ wọn. Ẹ gbà nígbà yẹn pé ilẹ̀kùn tó tì kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó dúró síta. Ìkànnì tó dákú, ilẹ̀kùn tó tì ni. Ẹ máa kọ ọjọ́ àti wákàtí tó dákú sílẹ̀ níbi tí gbogbo ayé lè rí i, kí ẹ sì fi ọjọ́ yẹn kún ọjọ́ àwọn tó kàn.

Mo ń retí èsì yín, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ lẹ́tà ìdúpẹ́. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ọ́fíìsì yín, kí ẹ sì gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́ lórí ìkànnì yín, ní gbogbo èdè tí àwọn awakọ̀ yín ń sọ: àwọn iṣẹ́ tó ń parí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, àwọn èyí tí a gbọ́dọ̀ wá ṣe pẹ̀lú ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, àti àdírẹ́sì ibi tí ènìyàn ẹlẹ́ran ara ti máa dá wa lóhùn bí ọ̀rọ̀ wa kò bá sí nínú fọ́ọ̀mù.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Awakọ̀ kan tó ní ọkọ̀ lórúkọ ara rẹ̀